Ẹni Tí Ó Bu Omi Ni Í Mu Kẹ́yìn

    Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo gbé lọ́wọ́ lálẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni.

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ ń bá jẹ, tí ẹ ń bá mu, tí ẹ jọ ń dá aṣọ ẹbí, ta ni ẹ lè bá wọ ibi tí omi kò sí? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kàn fi orúkọ onítọ̀hún sọ́kàn, kí a jọ máa lọ.

Ẹ̀yin ará Ìfàkò-Ìjàyè, ẹ mọ̀ pé ní àdúgbò wa níhìn-ín ni a ti ní ìlú tí ń jẹ́ Ìjù. Nínú èdè àwọn baba wa, ìjù ni ibi tí ènìyàn kì í gbé, ibi tí ọdẹ ń wọ̀ lọ tí ìyàwó rẹ̀ kì í fi í lè sùn àsùndọ́kàn títí yóò fi dé. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ náà, aginjù, nígbà tí ẹ bá pè é. Ṣùgbọ́n Ìjù tiwa kì í ṣe ilẹ̀ òǹgbẹ. Ó ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ omi kan ti ń fa omi láti Ìjù lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó, Èkó Àrómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, tí ọ̀sà yí ká, tí ó sì jẹ́ pé omi Ìjù ni ó ń bù mu. Nítòsí odi iléeṣẹ́ omi náà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Omi kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Mo ń ṣí ẹ̀rọ, mo ń fi í sílẹ̀ kí ó máa dà. Ìyá mi a pariwo, èmi a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ìjù kejì.

Oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ọdún 1981 ni. Àwa mẹ́rin ni a jọ lọ. Tíṣà wà níbẹ̀, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Agége. Bàbá Ìbejì wà níbẹ̀, mẹkáníìkì ni ní Fágbà, ẹni tí ó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá wúkọ́ ní títì, yóò ti mọ ohun tí ń ṣe é kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Alájì wà níbẹ̀, ọmọ Haúsá tí a bí sí Agége, tí ó gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pa òwe fún àwa tí a ni èdè. Èmi ni mo ṣìkẹrin wọn. Àwọn ẹbí ìyá Alájì wà ní Agadez, ní ilẹ̀ Niger, òkè lọ́hùn-ún, kò sì tíì fojú kàn wọ́n rí. Ó ní òun fẹ́ lọ kí wọn. A ní kò ní dá lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Bóyá ẹlòmíràn ń ṣe kàyéfì pé kí ni ó pa Agége pọ̀ mọ́ irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Obì ni. Kí ilé tó bo gbogbo ilẹ̀ wa yìí, oko obì àti oko kòkó ni. Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko sí Agége, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1907. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti Èkó wọ Kánò ní 1912, apẹ̀rẹ̀ gbàǹja láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ń bá a lọ, àwọn oníṣòwò Haúsá sì ń bá a bọ̀. Bàbá Alájì wà lára àwọn tí ó bọ̀ tí kò padà. Ṣáájú kí irin tó dé, ẹsẹ̀ àti kétékété ni obì fi ń rin ọ̀nà yẹn, nínú ọ̀wọ́ àwọn alájàpá, ọgọ́rùn-ún èrò lẹ́ẹ̀kan náà nígbà mìíràn, nítorí pé ìjù kò mọ ẹni tí ó dá rìn.

Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan ni a gbé lọ. A yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀, a tẹ́ ibùsùn sí i. A kó gààrí, ìrẹsì, sítóòfù, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, àti apẹ̀rẹ̀ obì Alájì, tí ó fi ewé tútù wé, tí ó ń wọ́n omi sí láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. A gba Ìbàdàn, a gba Ọ̀yọ́, a kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, a sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà, a gba Kàdúná àti Sáríà wọ Kánò. Bí a sì ti ń lọ ni igi ń kúrú, tí ewé ń dínkù, tí ilẹ̀ ń pọ́n, títí afẹ́fẹ́ tí ń gba ojú fèrèsé wọlé kò fi yàtọ̀ mọ́ sí èyí tí ń ti ẹnu ààrò jáde.

Ní Daura a yà wo kànga kan tí ń jẹ́ Kusugu. Àwọn ará ibẹ̀ ní ejò ńlá kan ti wà nínú rẹ̀ rí, tí kì í jẹ́ kí wọ́n fa omi àfi ní ọjọ́ Jímọ̀. Àlejò kan, Bayajidda, dé lóru, ó tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá àgbà kan, ó gbọ́ ìtàn náà, ó lọ sí kànga, ó pa ejò náà. Ọbabìnrin ìlú sì fẹ́ ẹ. Tíṣà ní òun kò mọ̀ pé omi mímu lè sọ àlejò di ọkọ ọba. Alájì kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a kún kẹ́ẹ̀gì wa.

Ẹnu ibodè kò da wá láàmú, nítorí ayé ìgbà náà ni àdéhùn ECOWAS lórí ìrìnnà àwọn ọmọ ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A sùn ní Zinder. A kọjá Tanout. Ọ̀dà tán. Lẹ́yìn ibẹ̀, iyanrìn ni, àti ipa táyà tí ó yà sí ọ̀tún, tí ó yà sí òsì, bí ìlà ọwọ́ arúgbó. A tẹ̀lé èyí tí kò yẹ kí a tẹ̀lé.

Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ yí rédíò rẹ sí wa, káàbọ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni a ń sọ, tí wọ́n ti Agége wọ aginjù. Omi ni a ń sọ, àti ẹni tí a lè bá pín in.

Ní ọ̀sán gangan ni rọ́bà tí ń gbé omi ràdíétọ̀ bẹ́. Èéfín sọ, ọkọ̀ dúró. Bàbá Ìbejì kò mikàn. Ó fi ọ̀bẹ gé tíúbù táyà, ó dì í yí rọ́bà náà ká, ó fi wáyà fún un pinpin. Ó ní ó kù kí a rọ omi sí i. Mo lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti gbé omi wá. Kẹ́ẹ̀gì kan ti dojú dé. Ó ti ṣófo. Ibùsùn wa ti mu ún.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni mo lo kẹ́ẹ̀gì náà kẹ́yìn. Ní Tanout, mo fi bọ́jú, n kò sì dé ọmọrí rẹ̀ dáadáa. Ọmọ Ìjù, ọmọ ẹ̀yìn odi iléeṣẹ́ omi! Títí di òní, bí mo bá rí kẹ́ẹ̀gì níbikíbi, ọwọ́ mi á lọ síbi ọmọrí rẹ̀.

Ó ku kẹ́ẹ̀gì kan. Ìyẹn náà kò kún. Bàbá Ìbejì ní kí a fún ọkọ̀ ní ìdajì, kí a lọ. Tíṣà ní bí rọ́bà bá tún bẹ́ ńkọ́? Ó ní ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà kò lè sọ pé òun ń lọ. Bàbá Ìbejì ní ṣé Tíṣà fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ di fà-á-kí-n-fà-á. Àwọn tí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan láti Èkó dé Zinder, wọ́n dojú kọ ara wọn bí àkùkọ méjì. Ẹnìkan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ni òun yóò fi rìn padà.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ní ọdún 1352, arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Mòrókò, Ibn Battuta, bá ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò wọ aginjù láti Sijilmasa lọ sí Walata. Ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ti Taghaza, ìlú tí a fi òkúta iyọ̀ kọ́ ilé rẹ̀, tí a fi awọ ràkúnmí bò ó lórí. Ó sọ pé bí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n dé, wọ́n a yan ẹnìkan kí ó máa lọ níwájú ní òun nìkan, kí ó mú lẹ́tà dé Walata, kí àwọn ará ibẹ̀ lè gbé omi pàdé ọ̀wọ́ ní ìrìn ọjọ́ mẹ́rin. Bí ẹni yẹn bá ṣègbé lọ́nà, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀wọ́ lè ṣègbé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn náà kò tó nǹkan rárá. Ìbátan méjì nínú ọ̀wọ́ ní gbólóhùn asọ̀. Wọ́n bú ara wọn. Inú bí ọ̀kan, ó fà sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ọ̀wọ́ ṣíwájú. Wọn kò rí i mọ́. Ìbínú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mélòó nínú wa ni kò tíì fà sẹ́yìn rí nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó ọ̀rọ̀?

Alájì ni ó gba ẹrù ẹni tí ó fẹ́ rìn padà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni kò ní kúrò lẹ́bàá ọkọ̀. Ọkọ̀ ni ojú ń rí láti òkèèrè, ojú kì í rí ènìyàn.” Ó ní ọkọ̀ kò ní mu lónìí, ènìyàn ni yóò mu. Ó wọ abẹ́ àga, ó mú agolo mílíìkì kan tí etí rẹ̀ ti dá, ó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì náà ní abẹ́ òjìji ọkọ̀. Ó bu fún Tíṣà. Ó bu fún Bàbá Ìbejì. Ó bu fún mi. Lẹ́yìn náà ó bu tirẹ̀. Ó ní báyìí ni àwọn baba òun ń ṣe nínú ọ̀wọ́ obì: ẹni tí ó bu omi ni í mu kẹ́yìn.

Báyìí ni a ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ooru lọ tí òtútù dé, tí a sùn gbára wa bí ọmọ ajá. Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn tún yọ. Ìrẹsì wà, ta ni yóò sè é? Omi ni ìrẹsì fi ń jinná. A ń la ètè. Ahọ́n Tíṣà ti wúwo débi pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni jẹ iṣu gbígbóná. Apẹ̀rẹ̀ obì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alájì, ewé rẹ̀ ti ń gbẹ. Láti àárọ̀ àná kò wọ́n ohunkóhun sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ojú mi là. Alájì bu omi fún wa bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé agolo sí ẹnu tirẹ̀, ó gbórí sókè. Mo ń wò ó nítorí pé kò sí ohun mìíràn láti wò. Mo wo ọrùn rẹ̀. Gògóńgò rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Agolo náà gbẹ. Mo wá rántí pé n kò tíì gbọ́ kí omi ró nínú agolo náà nígbà tí ó bá kàn án, láti ọjọ́ tí ó ṣíwájú.

Mo ní, “Alájì, ẹ kò mu.”

Ó ní, “Ẹni tí ó bu omi ni í mu kẹ́yìn. Ìkẹyìn kò tíì dé.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ rántí orúkọ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

A fi agídí mú un, ó mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí a fi gbọ́ ìró. Bàbá Ìbejì ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, etí mẹkáníìkì. Lọ́rì ńlá kan ni, ẹrù ga lórí rẹ̀ bí òkè, àwọn ènìyàn jókòó lé ẹrù, wọ́n fi láwàní di imú. Ìtànṣán oòrùn tí ń dán lára dígí ọkọ̀ wa ni wọ́n rí. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n rọ omi kún ni wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ lọ́rì náà, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí tí omi inú rẹ̀ fi tutù. Omi náà ń rùn bí awọ. Ó dúdú díẹ̀. N kò tíì mu ohun tí ó dùn tó o láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Awakọ̀ náà rọ omi fún àwa, ó rọ fún ọkọ̀. Àwọn Tuareg, àwọn ará aginjù, ni wọ́n, Alájì sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn láti èdè Haúsá: ó ní ní èdè tiwọn, aman ni omi, iman ni ẹ̀mí, àwọn kì í sì pe ọ̀kan kí àwọn má pe èkejì. A na owó sí i, ó kọ̀. Alájì tú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó mú gbàǹja tí kò tíì gbẹ, obì Agége, ó kó ẹ̀kúnwọ́ méjì fún un. Ọkùnrin yẹn gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

Òun ni ó sọ ti igi Ténéré fún wa, bí a ti ń tẹ̀lé e lọ. Igi kan ṣoṣo ni, akasíà ẹlẹ́gùn-ún, nínú aginjù tí ó wà ní ìlà oòrùn Agadez. Kò sí igi mìíràn ní ìtòsí rẹ̀ rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ wọ ilẹ̀ ju ọgbọ̀n mítà lọ kí ó tó kan omi. Gbogbo ọ̀wọ́ oníyọ̀ tí ń lọ sí Bilma ni ó mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í gé ẹ̀ka rẹ̀. Ní 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lù ú, ó wó. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey. Nígbà tí ọkùnrin náà ń sọ ọ́, bí ẹni ń sọ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

A rí Agadez. A rí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí rẹ̀, amọ̀ ni, igi yọ jáde lára rẹ̀ yíká. A rí àwọn ẹbí ìyá Alájì, wọ́n sunkún, a jẹun. N kò ní gbé yín pẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ òní, nítorí ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá kò sí níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi ní Ìjàyè-Ọ̀jọ́kòró, ní Ìjù, ní Agbádó, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbé yín gbà báyìí, tí wọ́n ní Yúróòpù ni. Láti Agadez ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké ti ń gbéra lọ sí Líbíà àti Àlùjíríà, ènìyàn lé ara wọn lórí, igi ni wọ́n kì bọ ẹrù tí olúkúlùkù fi ń dì mú kí ó má bàa já bọ́. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó ní kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Wọ́n fi àpò wé e, wọ́n kọ orúkọ sí i lára. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n kọ orúkọ sí omi lára. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2013, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 nínú aginjù Niger, ní apá ibodè Àlùjíríà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn obìnrin àti ọmọdé. Ọkọ̀ wọn ni ó bàjẹ́. Òǹgbẹ ni ó pa wọ́n. Ọkọ̀ àwa náà bàjẹ́. Rọ́bà kan ṣoṣo ni.

Ìwọ tí wọ́n ti gba owó rẹ, ta ni ó máa jókòó ti kẹ́ẹ̀gì? Ṣé ẹni tí ó tà ọ́ ní àyè nínú ọkọ̀ ni? O mọ orúkọ rẹ̀? O mọ ilé ìyá rẹ̀? Bí omi bá ku agolo kan, ṣé yóò bù ú fún ọ kí ó tó bu tirẹ̀? N kò bá ọ jà. Mo mọ̀ pé ebi ń pa ọ, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni. Lọ bi ìyá rẹ kí o tó lọ.

Nígbà tí a padà dé, òru ni. A kò lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. A darí bọ́ọ̀sì sí Ìjù, sí ẹ̀rọ omi ìta kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Mo ṣí i. Omi tú jáde, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Alájì mú agolo mílíìkì náà láti abẹ́ àga. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bu omi kún un títí ó fi ṣàn sí mi lọ́wọ́, mo gbé e fún un. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbórí sókè, ó mu. Mo wo ọrùn rẹ̀. Gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Tíṣà mu. Bàbá Ìbejì mu. Nígbà tí ó kàn mí, mo mu, mo sì ti ẹ̀rọ náà pa pinpin.